Ẹni Tó Mọ Kọ̀ǹpútà Jù ní Pilar

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹwàá

Obìnrin kan dé láti Spain. Ainhoa lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ó wá wo bí àwa òṣìṣẹ́ iléèwé tí kì í ṣe olùkọ́ ṣe mọ kọ̀ǹpútà lò sí — àwa tí à ń kọ máàkì ọmọ iléèwé sílẹ̀, tí à ń tọ́jú ìwé, tí à ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ ti gba tiwọn lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti báàgì. Ó wá kan àwa.

Báàgì ti tán.

Ooru òní kì í ṣe kékeré. Bàtà aláwọ ni obìnrin náà wọ̀, ó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó kú ìfaradà.

Amúlétutù jáde wá kí i. Ọ̀gá àgbà wa ni. Sanabria ni wọ́n ń pè é níta, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ọ́fíìsì ẹ̀, ẹni bá fẹ́ rí i á mú aṣọ òtútù dání. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Ó làágùn. Ó wọlé padà.

Ainhoa ní, nínú gbogbo yín, ta ló mọ kọ̀ǹpútà jù? Nidia tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé sọ pé Ña Eulogia ni. Don Crispín tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò sírú ẹ̀. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa.

Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó ní inú òun á dùn láti rí i. Don Crispín ń wo ilẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Tereré. Don Crispín ló máa ń bù ú fún wa, kò sẹ́lòmíì: ewé yerba nínú ìwo màlúù, omi oníyìnyín lórí ẹ̀, ọ̀pá fàdákà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹnu jọ ń fà. Omi àkọ́kọ́, ti Tọ́másì Mímọ́ ni. Ó dà á sí i, ó dúró kí ẹni mímọ́ mu tiẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà Nidia, lẹ́yìn náà àlejò.

Àlejò fà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó dá ìwo padà, ó ní, "Ẹ ṣeun."

Ó parí. Ẹni tó bá ti ní ẹ ṣeun, ó ti mu tó nìyẹn, kí wọ́n má bù fún òun mọ́. Don Crispín kò bù fún un mọ́. Ìwo ń kọjá níwájú ẹ̀, ojú ẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Nidia fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì pé kí n sọ fún un. Kí ni kí n sọ? Ṣebí ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Láti òní lọ, Ẹ-ṣeun lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Kó tó di ọ̀sán, orí ti ń fọ́ ọ. Ó gbé ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà, ó ní ká wọlé bí a ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, ká dáhùn gbogbo ẹ̀. Lòun bá lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn.

A wọlé bí a ṣe ń wọlé lójoojúmọ́. Orúkọ Ña Eulogia, ọ̀rọ̀ ìwọlé Ña Eulogia. Èmi ṣe apá ìṣirò. Nidia ṣe apá bí a ṣe ń wá nǹkan rí. Apá ààbò di ti Don Crispín. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà — kò fọwọ́ kàn án rí, ó ní ohun tí kò bá ti ní kọ́kọ́rọ́ kò kan òun. Ẹ̀yìn wa ló dúró sí, à ń ka ìbéèrè sí i létí. Bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ tó ní kí ẹ ṣí i ńkọ́? Ó ní ẹ má dá a lóhùn, èèyàn gidi á kọ́kọ́ sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé yín ńkọ́? Ó ní olè ni. Nidia wojú mi, mo wojú Nidia. A tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Don Crispín gba gbogbo tiẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí a parí, Àpótí — bí mo ṣe ń pe ètò tí olú-iléeṣẹ́ ní Asunción, olú-ìlú wa, fi sórí kọ̀ǹpútà wa — kọ ọ́ gàdàgbà: A kí ọ kú oríire, Eulogia.

Ẹ-ṣeun jí, ó béèrè bóyá gbogbo wa ti ṣe é. A ní gbogbo wa ti ṣe é.


Ọjọ́rú, 25

Ó ti lọ. Ó tún dúpẹ́ kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Don Crispín ní òùngbẹ ló máa pa ọmọ yẹn.


Ọjọ́ Ẹtì, 27

Nidia bi mí lónìí bóyá ohun tí a ṣe burú. Ọmọdé ló ń ṣe é. Mo ní kó lọ to ìwé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí n lè sùn.

Nígbà tí Àpótí dé, Ña Eulogia nìkan ni wọ́n rán lọ sí Asunción láti kọ́ ọ. Òun ni àgbà ọ́fíìsì wa. Ó kọ́ ọ, ó bọ̀ pẹ̀lú àkáǹtì kan àti ọ̀rọ̀ ìwọlé kan, ó sì gbé e sáàárín tábìlì bí ìgbà tí èèyàn gbé yerba kalẹ̀: ó yá, ẹ mu. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú ìka mi tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wa ń ti orúkọ ẹ̀ wọlé. Ta ló fẹ́ béèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹni tó bá gbé ọ̀pá ìfamu tiẹ̀ wá síbi tereré, kí ló ń sọ? Ṣé ẹnu àwa yòókù ń rùn ni? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Ña Eulogia wá kú. Ọdún mẹ́rin ti kọjá, nínú òtútù oṣù Keje. Àwọn tó ń san owó oṣù gbọ́, kíá ni wọ́n ti dá a dúró, wọn ò jẹ́ kí òkú tutù. Àpótí nìkan ni kò gbọ́. Ta ni kó sọ fún un? Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, máàkì ń dúró dè mí. Mo tẹ orúkọ ẹ̀, ó ṣí. Ó ṣí gẹ́lẹ́ bí òun fúnra ẹ̀ ṣe máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi láàárọ̀ tí mo bá pẹ́ dé: wọlé jàre, jókòó. Mo sunkún díẹ̀. Mo tẹ máàkì.

Ó ti di ọdún mẹ́rin tí òkú ti ń ṣiṣẹ́ ní Pilar, iṣẹ́ ẹ̀ kò sì ní àléébù.


Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kọkànlá — ọjọ́ àwọn òkú

Itẹ́ òkú kún fọ́fọ́. Èmi àti Màmá tan àbẹ́là fún Bàbá. Màmá bá a jà díẹ̀ nípa òrùlé tí kò tún ṣe kó tó kú, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún.

Mo yà síbi Ña Eulogia. Wọ́n ti tún un ṣe kí n tó dé: àgbélébùú ẹ̀ funfun báláú, ẹfun tútù, òdòdó nínú agolo mílíìkì. Ọkọ ẹ̀ ti sọdá odò lọ sí Formosa lọ́dún kejì tó kú, ó ti fẹ́ ìyàwó míì. Mo ní nínú mi pé ọkùnrin yẹn ti yí padà o.

Mo sọ fún Ña Eulogia pé ó yege ìdánwò.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo pàdé Don Crispín, ẹfun ní gbogbo ṣòkòtò. Ó ní ibojì ìyá òun lòun wá kùn. Mo kí i, mo lọ.

Ìyá Don Crispín, ìlú Humaitá ni wọ́n sin ín sí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí mi lọ́kàn.


Ọjọ́ Ajé, 6

Èsì dé. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ iléèwé iṣẹ́-ọwọ́ tó ṣe ìdánwò náà, Eulogia Rotela ti Pilar ló ṣe ipò kìíní. Nidia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Don Crispín ra chipa, búrẹ́dì oníwàràkàsì, fún gbogbo wa. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé orí obìnrin yẹn pé.


Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ẹ̀rín tán.

Ímeèlì kejì dé, ti olú-iléeṣẹ́. Wọ́n ti fi èsì Ẹ-ṣeun wé ohun tí Àpótí mọ̀ nípa olúkúlùkù. Crispín Ayala, Nidia Vera, Isabelina Cañete, ìyẹn èmi: wọn ò rí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ṣe. Kò sí àmì pé wọ́n wọlé rí. Àdéhùn wọn parí lópin oṣù Kejìlá, wọn ò ní tún un ṣe. Eulogia Rotela: kí wọ́n kọ̀ǹfáàmù ẹ̀ sí iṣẹ́ ìjọba títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, kó sì wá gba àmì ẹ̀yẹ ní Asunción ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ "kọ̀ǹfáàmù" yẹn. Lọ́dọọdún ni mò ń tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó dé wàyí, òkú ni wọ́n fún.

Inú bí mi. Inú bí mi sí Àpótí, inú bí mi sí Ẹ-ṣeun, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú bí mi sí Ña Eulogia náà. Ta ni á máa ra oògùn Màmá? Mo ti lé ní àádọ́ta. Wọn ò gba ẹni bíi tèmi síṣẹ́ mọ́ ní Pilar àfi bó bá fẹ́ kó ìgbẹ́ màlúù jọ.

Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí Ña Eulogia, mo tẹ máàkì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, mo lọ sílé.


Ọjọ́ Ajé, 13

Amúlétutù pè mí. Mo mú aṣọ òtútù.

Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Ó ní, "Ña Isabelina, kí tiẹ̀ ni orúkọ? Ipò ti wà ńlẹ̀, ẹni tó máa jókòó sí i ló kù." Kí n lọ sí Asunción. Kí n máa jẹ́ Eulogia. Èèyàn òun kan wà tó máa bójú tó ti káàdì ìdánimọ̀ àti ti àwọn tó ń san owó oṣù. Wọn ò mọ ojú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Láti ibẹ̀, ó di ìfẹ̀yìntì.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò lè kọ̀ǹfáàmù Isabelina. Ó ní, "Isabelina kò ṣe nǹkan kan. Àpótí yín ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé ilé ìtajà ti tì.

Mo ní tí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun ti fi ń bọwọ́ lùwé pé Eulogia wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò pẹ́ dé rí. Èmi àti òun la jọ máa gbalé lọ.

Nidia àti Don Crispín ńkọ́? Ó ní òun á wò ó. Mo mọ irú wíwò yẹn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo sọ fún Màmá. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Bí ikú bá tún pe Eulogia, ìwọ lo máa jẹ́ ẹ."

Ó gbé abẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Owó oṣù ẹ̀ ńkọ́, ó pọ̀?"


Ọjọ́rú, 15

Ọ̀sẹ̀ máàkì, Àpótí sì tìlẹ̀kùn. Ó ní ìdánwò yẹn mú ìfura wá, ọwọ́ tó dáhùn kò jọra. (Ó tún fẹ́ gbọ́n báyìí!) Kí Eulogia tó lè wọlé padà, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè àṣírí tó fúnra ẹ̀ yàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: Kí lorúkọ ẹni tí o kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́?

Ìgbà mẹ́ta péré la lè gbìyànjú. Nidia ní ìyẹn kò le, Eligio ni, ọkọ ẹ̀. Mo tẹ Eligio. Rárá. Mo ní bóyá Jésù ni, Ña Eulogia kì í pa máàsì jẹ. Mo tẹ Jésù. Rárá.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń kan fèrèsé, wọ́n ń béèrè máàkì. Nidia ti ń sunkún. Don Crispín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí ìdì kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ó ń yí i, ó ń yí i.

Ó ní, "Ẹ dán tèmi wò."

Mo ní, èwo ni tiyín?

Ó ní, "Orúkọ mi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àpótí ṣí.

Nidia ní ìwé kan wà tóun gbàgbé láti tò. Don Crispín ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń kan gééètì. Kò sẹ́ni tó ń kan gééètì. Mo jókòó síbẹ̀, mo tẹ máàkì gbogbo iléèwé tán.


Ọjọ́bọ̀, 16

Tereré. Ọ̀rọ̀ ooru nìkan la sọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mo kọ́ bí Ña Eulogia ṣe ń bọwọ́ lùwé. Ìrù R ẹ̀ gùn, ó máa ń ká a sábẹ́ gbogbo orúkọ. Nígbà tí Màmá jí lójú oorun ọ̀sán, mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wo bébà náà, ó ní òun rò pé Eulogia ti kú.


Ọjọ́ Ajé, 20

Mo sọ fún Amúlétutù pé mo gbà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ẹja.

Mi ò sọ fún Nidia. Mi ò lè wo ojú Don Crispín nígbà tó gbé ìwo fún mi.


Ọjọ́rú, 22

Ẹ-ṣeun dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò Ña Eulogia lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, kí òun fi hàn wọ́n ní Spain.

Amúlétutù sáré jáde síta nínú oòrùn — mi ò rí i kó sáré rí — ó mú mi jókòó sórí àga Ña Eulogia, ó ti gíláàsì ojú ara ẹ̀ bọ̀ mí lójú. Mi ò ríran mọ́. Mo kàn ń rí òjìji obìnrin kan tó wọlé. Mo gbọ́ tí Amúlétutù ní, "Ẹ wò ó, Ña Eulogia wa nìyí."

Òjìji náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Isabelina nìyí o. Isabelina, ara Màmá ńkọ́? Ña Eulogia dà?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dárúkọ Màmá fún obìnrin yìí, lóṣù tó kọjá. Mo bọ́ gíláàsì. Amúlétutù ti ń sọ pé àwàdà ni, àwàdà Pilar, Ña Eulogia ń sun oorun ọ̀sán nílé. Ó tún sọ pé ó ń ṣàìsàn. Ó sọ méjèèjì pa pọ̀.

Don Crispín lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ wá, màdáámù. Ẹ dé fìlà yín. Kò jìnnà."

Ó gbé omi oníyìnyín, ó gbé ìwo. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Àwa mẹ́rin la jọ rìn nínú oòrùn tí ajá kò jáde sí. Ẹ-ṣeun ń béèrè bóyá Ña Eulogia nìkan ló ń gbé. Don Crispín ní rárá o, ará àdúgbò ẹ̀ pọ̀.

A dé itẹ́ òkú. Ó ṣí gééètì fún un. Ó mú un lọ síbi àgbélébùú funfun, ó bọ́ fìlà tiẹ̀. Ó ní, "Ña Eulogia, àlejò yín dé."

Ẹ-ṣeun ka orúkọ náà. Ó ka ọdún tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tún un kà. Ó jókòó sí etí ibojì aládùúgbò.

Ó ní, ta ló wá ṣe ìdánwò yẹn? Nidia gbọ́wọ́ sókè. Èmi náà gbé tèmi. Don Crispín gbé ìwo tó mú lọ́wọ́ sókè.

Ó ní, ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́rin? Nidia ní, "Òun ni. Àwa náà ni."

Mo rò pé á bínú. Ó bo ojú, èjìká ẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Don Crispín bu omi àkọ́kọ́ fún ẹni mímọ́. Èkejì, ó dà á sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbélébùú. Ẹ̀kẹta, ó gbé e fún Ẹ-ṣeun. Ó fà á tán, ó dá ìwo padà, kò sọ nǹkan kan. Don Crispín tún bù fún un. Ó mu, ó dá a padà, kò sọ nǹkan kan. Ó mu púpọ̀ lónìí. Ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló là á yé òun lóṣù tó kọjá ohun tí ẹ ṣeun túmọ̀ sí nídìí tereré, nígbà tí òun dá kú sọ́nà Asunción.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ti Amúlétutù, ti káàdì ìdánimọ̀, ti bí mo ṣe kọ́ ìrù R. Nidia yà mí lẹ́nu: kò bú mi. Don Crispín ń tún òdòdó inú agolo tò.


Ọjọ́rú, 29

Ainhoa fóònù. (Mo ti dá orúkọ ẹ̀ padà fún un.) Ó ti wádìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Olúkúlùkù wa lè ní àkáǹtì tiẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí a ti ṣe lórúkọ Ña Eulogia, kò ṣe é gbé kúrò níbẹ̀. Tiẹ̀ ni títí láé. Àkáǹtì tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Òun á bẹ̀bẹ̀ fún wa, wọ́n á sì fún wa ní oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n wò wá. Ipò tí wọ́n kọ̀ǹfáàmù, olú-iléeṣẹ́ á gbà á padà. Kò ní já sí ọwọ́ mi.

Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú Àpótí pé Ña Eulogia ti kú. Ní Pilar, àkáǹtì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti kọ ikú òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ti Ña Eulogia ni. Òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́.

Mo ní tí a ò bá kọ ọ́ ńkọ́. Ainhoa ní òun ò ní fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Òun á wà ní Asunción lọ́jọ́ kejìlá. Bí Eulogia Rotela bá wá gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀, òun á pàtẹ́wọ́ bí gbogbo èèyàn, àmọ́ òun ò ní lè wo ojú mi. Ká pinnu kó tó di àjọ̀dún Caacupé, lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá.

Ó rọrùn fún un. Òkè òkun ni ilé ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kejìlá

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣírò ẹ̀ síwájú, mo ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn. Tí mo bá jẹ́ Eulogia: oúnjẹ wà, oògùn wà, Nidia àti Don Crispín á lọ sílé. Tí mo bá jẹ́ Isabelina: oṣù mẹ́fà fún àwa mẹ́ta, lẹ́yìn ẹ̀ Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta, akọ́ṣẹ́!

Màmá ní orúkọ ìyá ìyá òun lòun sọ mí. Ó padà síbi ẹ̀wà tó ń ṣà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Don Crispín wá sí ọ́fíìsì, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó dúró. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

Ó ní kí n má bi òun nǹkan kan. Mi ò bi í.

Ó ní láàárọ̀, tóun bá ń kọjá lójú fèrèsé, òun máa ń rí orúkọ ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi, òun á sì kí i. Láti ọdún mẹ́rin. Ó ní òun mọ̀ pé ó ti kú, orí òun kò dàrú. Òun ló gbé ìdí pósí. Ó kàn jẹ́ pé ó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Isabelina, ẹ ti fi í ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo ní, ẹ̀yin ńkọ́?

Ó ní gééètì wà ní ṣíṣí, òun ń lọ tì í.


Ọjọ́bọ̀, 7 — ọ̀la ni àjọ̀dún Caacupé

Mo sọ fún Amúlétutù láàárọ̀. Ó ní mo ti ba ayé òun jẹ́. Ó tún ní kí n pa ilẹ̀kùn dé kí ooru má wọlé.

A dúró di ìgbà tereré. Mo wọlé lórúkọ Ña Eulogia. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń kọ òṣìṣẹ́ tó lọ, mo wá orúkọ ẹ̀ láàárín orúkọ wa. Àpótí béèrè ìdí: ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbòmíì, ó fẹ̀yìn tì, ó kú. Ìka mi dúró lórí "ó fẹ̀yìn tì." Yóò wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nidia gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo tẹ "ó kú."

Àpótí ní nítorí ààbò, kí Eulogia fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun gan-an ló wà níbẹ̀. Kí lorúkọ ẹni tí o kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́?

Mo gbé ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Don Crispín ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Ó gbé ìwo fún Nidia. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Mo dìde fún un. Ó jókòó sórí àga Ña Eulogia, ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ìka kan ṣoṣo ló ń lò. Ó wá C, kò rí i, Nidia nà án sí i. R ó rí fúnra ẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. A ò ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Nígbà tó tẹ lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó béèrè pé èwo ni kóun tẹ̀ wàyí. Mo fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Ña Eulogia pòórá láàárín orúkọ wa, àwọn tó kù sún mọ́ra. Níwájú tèmi, wọ́n kọ ọ́ pé: akọ́ṣẹ́, iṣẹ́ tó ti ṣe kò sí.

Nidia ń sunkún, kò bojú. Don Crispín gba ìwo, ó bu omi sí i, ó fà á títí ó fi gbẹ. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Eulogia."

Mo gba ìwo lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bu fún Nidia, mo bu fún ara mi. Mi ò bù fún Don Crispín mọ́.